Qazana, Juke àti Hyper Punk: kí ló máa ń kù nínú ọkọ̀ àfihàn tó bá dé ọwọ́ wa?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ní London ni mò ń gbé, Nissan Juke ọdún 2012 ni mo sì ń wà. Ọmọ mi, Tòmíwá, tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì, fi àwòrán ọkọ̀ kan hàn mí tí wọ́n ń pè ní Qazana. Ó ní òun ni bàbá Juke mi. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà ṣí sílẹ̀ gbayawu bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí òpó kankan láàárín, ìjókòó inú rẹ̀ sì dà bíi ti alùpùpù. Mo wo fóònù, mo wo tèmi níta, inú bí mi. Tòmíwá tún ní òmíràn ń bọ̀ tó ń jẹ́ Hyper Punk, kí n má tíì pààrọ̀ Juke mi, kí n dúró dè é. Ṣé kí n dúró? Àbí ti Lábánì àti Jékọ́bù ni wọ́n ń ṣe fún wa, kí wọ́n fi Rákélì hàn wá, kí wọ́n wá gbé Léà wọlé lóru? Èmi Ìyá Tòmíwá.

Ìdáhùn: Ìyá Tòmíwá, ẹ kú ìbéèrè o. Ọ̀rọ̀ Lábánì yẹn pa mí lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ n gbèjà Nissan díẹ̀. Òru ni Lábánì fi ṣe tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí gbé Qazana, ọkọ̀ àfihàn tí wọ́n kọ́ fún ìran wíwò tí kì í ṣe fún títà, síta níbi àfihàn ọkọ̀ ní Geneva ní oṣù kẹta ọdún 2009, lójú gbogbo ayé. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lè sọ lọ́jọ́ náà gan-an ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti jọ ọ́ àti ibi tí kò ní jọ ọ́. Bí a ṣe ń wò ó yẹn ni mo fẹ́ fi hàn yín, torí òun náà lẹ máa fi wo Hyper Punk.

Ara ọkọ̀ ni iṣẹ́ mi, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kọ́ ọ ní Ìbàdàn lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó lè fi òòlù àti igi pẹlẹbẹ kan mú bónẹ́ẹ̀tì tó ti ká bí ewé gbígbẹ padà sí bó ṣe wà. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe é ní gúúsù London. Ọ̀rọ̀ ẹńjìnnì, mo máa ń gbé e fún àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá la ọkọ̀ sí méjì níwájú mi, mo lè sọ ìdí tí irin kọ̀ọ̀kan fi wà níbi tó wà.

Ibi tí wọ́n ti ya Qazana kò jìnnà sí yín rárá. Láti ọdún 2003 ni Nissan ti ní ilé ìyàwòrán ọkọ̀ ní Paddington, ní London níbí. Ibẹ̀ ni Qashqai ti wá, ibẹ̀ náà ni Qazana ti wá. Ọmọ Japan ni lórúkọ, àmọ́ London ni wọ́n bí i sí, bíi ti Tòmíwá gẹ́lẹ́.

Qashqai ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Láti ọdún 2007 ni àwọn èèyàn ilẹ̀ Yúróòpù tó máa ń ra ọkọ̀ pẹlẹbẹ fún ìdílé ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, torí pé ó ga, èèyàn ń rí iwájú dáadáa, kò sì mu epo bíi jíípù. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní crossover. Jíípù àtijọ́ ní ṣáásì tirẹ̀ lọ́tọ̀, irin gbọọrọ méjì tí wọ́n gbé ara ọkọ̀ lé lórí bí ẹní gbé ilé lé pèpéle. Crossover kò ní ìyẹn. Ọkọ̀ kékeré ni látòkèdélẹ̀, wọ́n kàn gbé e ga, wọ́n sì jẹ́ kí èjìká rẹ̀ fẹ̀. Lẹ́yìn Qashqai, Nissan fẹ́ kékeré sí i, èyí tí ọ̀dọ́ tí kò tíì bímọ máa wò tí á sì dúró. Àsìkò ò sì dára nígbà yẹn o. Oṣù kìíní ọdún 2009 yẹn kan náà ni wọ́n kéde pé àwọn máa dín òṣìṣẹ́ 1,200 kù ní ilé iṣẹ́ wọn ní Sunderland, ní àríwá England. Lẹ́yìn oṣù méjì péré, wọ́n gbé ọkọ̀ olójú yíyọ jáde ní Geneva. Èmi ò ní pe ìyẹn ní ìgboyà lásán. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà ló máa ń pariwo jù.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fi ọwọ́ bo ìdajì ìsàlẹ̀ Qazana nínú àwòrán, ọkọ̀ eré ìdárayá ni ẹ máa rí: òrùlé tó dà sẹ́yìn, gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́. Tí ẹ bá bo ìdajì òkè, jíípù ni: fẹ́ńdà tó wú, taya ńlá, ikùn tó jìnnà sílẹ̀. Bí ọkùnrin tó wọ kóòtù ìgbéyàwó lókè tó wá wọ bàtà oko nísàlẹ̀, tí kò sì tijú. Iwájú rẹ̀ ní iná orí méjì-méjì. Èyí òkè gùn bí orí ọfà, ó jókòó sórí fẹ́ńdà. Èyí ìsàlẹ̀ tóbi, ó rí róbótó, bíi ti àwọn iná tí wọ́n máa ń so mọ́ iwájú ọkọ̀ ìdíje àtijọ́. Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Nissan. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Datsun, wọ́n gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti ìlà oòrùn Áfíríkà ní 1970, 1971 àti 1973, nínú ẹrẹ̀ àti eruku tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òyìnbó kù sí.

Inú rẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n gba èrò lára alùpùpù. Irin kan gba àárín ọkọ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ọ̀pá ẹ̀yìn èèyàn, ìjókòó mẹ́rin tó dá dúró sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí síwájú bí ilẹ̀kùn yòókù, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wá ní híńjì lẹ́yìn, ó ṣí sẹ́yìn. Tí méjèèjì bá ṣí, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ di òfìfo láti ojú dé ìdí. Ohun tí ẹ rí lórí fóònù Tòmíwá nìyẹn.

Ẹ wá jáde lọ síta, ẹ dúró síwájú Juke yín.

Àwọn iná gígùn tó wà lókè fẹ́ńdà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun ni iná iwájú. Rárá o. Tiráfíkétọ̀ àti iná kékeré ló wà níbẹ̀. Ojú gidi ni róbótó méjì tó wà nísàlẹ̀, nítòsí báńpà. Èyí ni àwọn èèyàn ṣe ń pe Juke ní ọ̀pọ̀lọ́, mi ò sì lè bá wọn jiyàn. Àmọ́ ẹ jókòó sídìí sítíárìn, kí ẹ wo iwájú. Ẹ máa rí ẹ̀yìn iná òkè yẹn tó yọ gọngọ lórí bónẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n ń sọ fún yín ibi tí igun ọkọ̀ yín parí sí. Ní àdúgbò tí ẹ ti ń há ọkọ̀ mọ́ àárín ọkọ̀ méjì lójoojúmọ́, ẹ̀bùn nìyẹn. Owó ẹ̀bùn náà, èmi ni mò ń gbà á: iná róbótó tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni báńpà ọkọ̀ ẹlòmíràn máa ń kọ́kọ́ bá tí wọ́n bá ń rìn sẹ́yìn.

Ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́. Níbo ni ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà? Wọ́n fi pamọ́ sókè, sínú dúdú tó wà lẹ́yìn gíláàsì, kí ojú lè rò pé ilẹ̀kùn méjì péré ni ọkọ̀ náà ní. Láti ara Qazana ló ti wá: níbẹ̀, ìlà ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ohun tó gé e. Nissan sì ti ń dá irú ọgbọ́n yìí tipẹ́. Àwọn tó bá mọ Pathfinder tó kún Èkó dáadáa mọ̀ pé ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ náà wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Toyota gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú C-HR: àkọ́kọ́ ọkọ̀ àfihàn rẹ̀, ní Paris lọ́dún 2014, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ méjì péré ló ní, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi mẹ́rin sí i, wọ́n gbé ọwọ́ ti ẹ̀yìn lọ sókè kó lè máa jọ méjì síbẹ̀. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ọmọ ọdún mẹ́rin ṣí i. Oníbàárà mi kan ní ọmọbìnrin rẹ̀ máa ń fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ń já máńgòrò, kó tó sunkún pe ìyá rẹ̀.

Inú wá kù. Ẹ fi ọwọ́ kan ohun tó wà láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì, níbi tí gíá wà. Ẹ rí i bó ṣe wú, tó sì ń dán? Táńkì epo alùpùpù ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ rẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn Qazana ló kù nìyẹn. Wọ́n ti gé e kúrú, ó ti di ike, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà, àmọ́ ẹni tó rí bàbá á dá ọmọ mọ̀.

Ilẹ̀kùn ńkọ́? Ibí ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ àfihàn. Wọ́n á yà á lórí bébà àti kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá fi amọ̀ mọ ọ́n. Amọ̀ ni mo sọ o, àmọ́ kì í ṣe ti àwọn amọ̀kòkò. Amọ̀ tó ní epo nínú ni, tí wọ́n ń gbé sínú ààrò kó lè rọ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fóòmù. Tó bá tutù, á le, wọ́n á sì máa fi irin pẹlẹbẹ há a díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á wá fa ọ̀rá aláwọ̀ kan tó fẹ́lẹ́ bò ó kí wọ́n lè rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣàn lára rẹ̀. Tí ẹ bá dúró díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ máa búra pé irin tó ti lọ́dà ni. Tí inú àwọn ọ̀gá bá dùn sí i, wọ́n á wá kọ́ ẹyọ kan fún àfihàn, lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú ike líle tí wọ́n fi okùn gíláàsì mú lágbára. Ẹyọ kan. Kò ní gbé ọmọ lọ sí iléèwé. Ọkọ̀ kankan ò ní forí sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òjò ò ní pa á fún ọdún mẹ́wàá. Bí egúngún ọjọ́ ọdún ni: ẹnikẹ́ni kì í bi í pé aṣọ yẹn ṣe máa rọrùn láti fi ro oko.

Juke kò ní àǹfààní yẹn. Òpó àárín tí ẹ rí láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn, iṣẹ́ mẹ́rin ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Òun ló mú òrùlé dúró tí ọkọ̀ bá dojú dé. Òun ló kọ́kọ́ gba ìyà tí ọkọ̀ mìíràn bá gba ẹ̀gbẹ́ yín. Bẹ́líìtì ẹni iwájú, ara rẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Híńjì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ara rẹ̀ ló wà. Ẹ yọ ọ́ kúrò, iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di aláìlólúwa.

Mo rántí ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé wá sí ọ̀dọ̀ wa, tó tó Juke yín, tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní oríta. Ilẹ̀kùn méjèèjì ti ká wọlé bí bébà gúgúrú. Mo ṣí awọ òde kúrò, mo wo òpó àárín: ó tẹ̀ wọlé, bóyá ìbú ìka mẹ́ta, ó sì dúró síbẹ̀. Mo fẹ́ gé e kúrò kí n fi tuntun sí i. Mo fi bíìtì, irin ẹnu dírílù tí mo máa ń lò, sí dírílù, mo tẹ̀ ẹ́, ó kàn ń ké fíìì lórí irin náà, ó ń tàn yanranyanran, kò wọlé. Ẹnu bíìtì ti jó dúdú kí irin tó ní ojú àpá kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, irin gbígbóná pupa ni wọ́n fi ń ṣe òpó yìí, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ sínú irin tó jẹ́ àwòṣe rẹ̀, inú àwòṣe náà gan-an ni wọ́n sì ti ń mú un tutù lójijì, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń ki àdá bọ omi. Ó ń le ju irin lásán lọ ní ìlọ́po. Obìnrin tó wa ọkọ̀ yẹn wá gbé ẹrù rẹ̀ tó kù sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wá. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti í bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà nípa òpó àárín.

Ẹ má rò pé kò ṣeé ṣe rárá o. Àwọn ará Japan gan-an ló ti gbìyànjú jù. Mazda ṣe é sí RX-8 ní 2003, ó sì tún ṣe é sí MX-30 ní 2020, èyí tí í ṣe crossover bíi tiyín. Honda ṣe é sí Element. Kò sí nínú wọn tó gba ẹ̀bùn ọ̀fẹ́: irin tí wọ́n yọ láàárín, inú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n kó o sí, ilẹ̀kùn wá wúwo. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò sì lè ṣí àyàfi tí ti iwájú bá kọ́kọ́ ṣí. Ti Element àkọ́kọ́ tiẹ̀ tún le: ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n so bẹ́líìtì ẹni iwájú mọ́, nítorí náà ẹni iwájú gbọ́dọ̀ tú bẹ́líìtì tirẹ̀ kí ẹni ẹ̀yìn tó lè jáde. Ẹ fojú inú wo ara yín níwájú iléèwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òjò ń rọ̀, àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́yìn, ẹ wá ń tú bẹ́líìtì, ẹ ń ṣí iwájú, ẹ ń ṣí ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn méjèèjì wá ká yín mọ́ àárín ọkọ̀ tiyín àti ti aládùúgbò. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárò Léà.

Èyí ni ìwọ̀n tí mo fi ń wo ọkọ̀ àfihàn: ohun tó bá wà lójú rẹ̀ máa ń délé, ohun tó bá wà nínú egungun rẹ̀ máa ń kù sọ́nà. Iná, èjìká, ìlà ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ ilẹ̀kùn, awọ inú, gbogbo ìyẹn jẹ́ aṣọ. Kò náni lówó púpọ̀ láti rán aṣọ mìíràn sára egungun tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ilẹ̀kùn ń gbà ṣí, bí taya ṣe tóbi tó, ibi tí òpó wà, ìyẹn ń béèrè egungun tuntun, ìdánwò tuntun, àti owó tí ẹ̀yin oníbàárà kò ní fẹ́ san. Egungun tí Juke sì lò, ti àwọn ọkọ̀ kékeré tí Nissan àti Renault jọ ń lò ni. Nígbà tí Euro NCAP, àjọ tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Yúróòpù, dán an wò lọ́dún 2011, ìràwọ̀ márùn-ún ló gbà. Ẹ sọ fún Tòmíwá pé òpó tí inú rẹ̀ kò dùn sí yẹn wà lára ohun tó gba ìràwọ̀ náà.

Ti ẹńjìnnì kò gùn. Nissan ṣèlérí ẹńjìnnì 1.6 onítábò àti agbára sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún Qazana, wọ́n sì mú un wá: Juke onítábò tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn ní agbára ẹṣin 190 nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ó sì lè pín agbára láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún àti òsì nígbà tí ẹ bá ń kọ́nà. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ní títì London jẹ́ 1.6 lásán tàbí 1.5 oní-dísẹ́ẹ̀lì, ẹsẹ̀ iwájú méjì ló ń wọ́ ọ. Ó dá mi lójú pé irú rẹ̀ lẹ ní.

Ibi kan wà tí aṣọ ti pa egungun lára ṣá o, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Òrùlé tó dà sẹ́yìn yẹn wà lára ohun tó jẹ búùtù yín. Lítà 251 péré ni. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti kó ìkòkò àríyá àti àpò ìrẹsì méjì sẹ́yìn Juke mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn èèyàn ráhùn títí, nígbà tí Nissan tún un ṣe ní 2014, wọ́n sọ búùtù èyí tí ẹsẹ̀ iwájú méjì ń wọ́ di lítà 354. Nígbà tí Juke kejì jáde ní 2019, ó di 422. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọn ò yí padà: ojú róbótó ṣì wà, ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì wà lókè. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn Qazana, ojú bàbá ṣì wà lára ọmọ-ọmọ.

Ó yá, Hyper Punk. Nissan fi ọkọ̀ àfihàn márùn-ún hàn ní Tokyo ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, tí orúkọ gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Hyper. Punk ni crossover kékeré inú wọn, oní-bátìrì ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n kéde pé Sunderland ló máa ṣe Juke oníná, pé Hyper Punk ló sì máa tọ́ka ọ̀nà fún un. Nítorí náà Tòmíwá ò parọ́.

Wọ́n ní ara origami, iṣẹ́ bébà kíká àwọn ará Japan, ni wọ́n ti mú ìrísí rẹ̀. Ara ọkọ̀ náà jẹ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó pàdé ara wọn ní igun mímú, ó ní àwọ̀ fàdákà tó ń yí padà bí ẹ ṣe ń rìn yí i ká. Inú rẹ̀, kámẹ́rà ń ya ohun tó wà níta, kọ̀ǹpútà á wá sọ ọ́ di àwòrán mángà, ìyẹn àwòrán ìtàn àwọn ará Japan, lórí gíláàsì tó yí awakọ̀ ká. Ohun kan wà nínú ìrọ̀rí orí ìjókòó tó ń wo bí ara awakọ̀ ṣe rí, kó lè yan orin àti iná tó bá ìṣesí rẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n wa wọ̀n ọ́n. Iná iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀: ojú ni, mo gbà pé ẹ máa rí ohun tó jọ ọ́. Èjìká gíga àti òrùlé tó dà bíi pé ó léfòó: ojú. Mángà orí gíláàsì: ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, kò ní egungun, ó lè wá, àmọ́ mo rò pé ẹ máa pa á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì. Ìrọ̀rí tó ń wo ìṣesí yín? Èmi ò fẹ́ kí ọkọ̀ mọ̀ pé inú ń bí mi ní ojú ọ̀nà Old Kent Road, ó tó kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ̀. Taya ńlá tí rọ́bà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́: egungun, kò ní dé bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ó máa ti fara jọ ojú ṣùgbọ́n tí í ṣe egungun ni igun mímú wọ̀nyẹn. Ẹni tó ń fi bébà ká origami kò ní ìṣòro, bébà ò mọ̀ pé òun ń ya. Irin mọ̀. Tí wọ́n bá tẹ irin pẹlẹbẹ sórí igun tó mú jù, á fẹ́lẹ́ níbẹ̀, á sì là. Ìdí nìyẹn tí igun ọkọ̀ tó wà ní títì fi máa ń dẹ̀ díẹ̀, bí etí ọṣẹ tí wọ́n ti lò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa rí ìlà Hyper Punk lára Juke oníná, ó dá mi lójú, àmọ́ ẹ máa rí i bí ẹni pé ẹnì kan ti fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Ẹ tún rántí àwa tó ń tún un ṣe. Ibi tó rọ́ bọ̀kọ̀tọ̀, mo lè fi ọwọ́ mú un jáde kí ẹ má mọ̀. Ibi tí igun mímú ti fọ́, ó máa ń gba ọjọ́ odidi kí ìlà náà tó tún tọ́ láti ilẹ̀kùn kan dé èkejì, ọjọ́ odidi yẹn sì ni ẹ máa rí nínú owó tí mo kọ.

Ṣé kí ẹ dúró? Rárá, ẹ má dúró nítorí àwòrán. Tí ara Juke yín bá dá, tí mẹkáníìkì yín sì ní ẹńjìnnì àti gíá rẹ̀ pé, ẹ máa lò ó. Tó bá ti ń dà yín láàmú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí ohun tí owó yín ká lónìí, kí ẹ wo oníná nígbà tí ẹ bá lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ jókòó sẹ́yìn, kí ẹ sì fi ìkòkò wọn búùtù rẹ̀. Ẹ ò sì béèrè, àmọ́ mo mọ àwọn èèyàn wa: ẹ má ronú àtifi èyí ránṣẹ́ sí Èkó. Ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, Nàìjíríà kò gba irú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn Juke tó wà nílé, ti Amẹ́ríkà ló pọ̀ nínú wọn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá Tòmíwá rèé. Kó mú agolo mílíìkì tó ti ṣófo, kó gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, kó tẹ́ ẹ kó di pẹlẹbẹ. Kó wọ ìbọ̀wọ́ o, ó mú. Kó ká a sí méjì, kó fi ẹ̀yìn ṣíbí fa ojú ìká náà títí á fi mú bí ti bébà. Kó tú u, kó tún un ká lẹ́ẹ̀mejì sí i, kó wá gbé e sókè sí iná gílóòbù, kó wo ojú ìká náà. Tó bá ti rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ níbẹ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi.